Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Mágásíìnì àti Ìrìn Etí Odò Kọ́ Fly Fishing ní Catskills

Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní New York, New Jersey àti Pennsylvania, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹja pípa tí àwọn ará ibí ń pè ní fly fishing, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ti àwọn olówó ni, àwọn míì sì gbà pé ẹni tí bàbá ẹ̀ ò bá fi kọ́ ọ láti kékeré ò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mágásíìnì wà, odò wà, ẹsẹ̀ sì wà lára yín. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ ò ju ẹyọ kan lọ, pé kẹ́ ẹ kà díẹ̀, kẹ́ ẹ lọ wo odò, kẹ́ ẹ wá padà sílé wá ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń kà lásán á mọ orúkọ fly, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n wé kó jọ kòkòrò, bí ẹní mowó, kò sì ní mọ ibi tó máa jù ú sí, ẹni tó sì sáré wọ odò láìka nǹkan kan, inú omi tútù ló máa dúró sí látàárọ̀ dalẹ́.

Odò méjì tí mo máa fi ṣàlàyé ni Beaverkill àti Willowemoc, wọ́n pàdé ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Roscoe, lágbègbè òkè Catskills. Tẹ́ ẹ bá gba Route 17 láti New York City, bíi wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀ lẹ ó fi dé bẹ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá sí. Ìdí tí mo fi mú ibẹ̀ ni pé agbègbè yẹn gan-an làwọn kan ti fi ìwé kíkà àti odò wíwò sọ iṣẹ́ yìí di ti Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Theodore Gordon, ara ẹ̀ ò le, etí odò Neversink ló ń gbé, kò jìnnà sí Roscoe. Ó máa ń ka ohun tí àwọn apẹja England ń kọ, ló bá kọ lẹ́tà sí Frederic Halford tó jẹ́ ọ̀gá wọn lọ́hùn-ún, Halford sì fi oríṣiríṣi fly ránṣẹ́ sí i ní 1890. Gordon kó wọn lọ sódò, ó rí i pé omi tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe wọ́n, omi tó ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín pápá ni, odò Catskills ní tiẹ̀ ń sáré gba orí òkúta, kòkòrò ibẹ̀ sì yàtọ̀, ló bá jókòó tó ń wé tiẹ̀, ó lo ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tó le dáadáa kó lè dúró lórí omi tó ń ru, ó lo ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó, ó gbé e dúró sókè bí apá kòkòrò. Òun náà wá ń kọ ohun tó ń rí ránṣẹ́ sí mágásíìnì Fishing Gazette ní London àti Forest and Stream níbí, títí tó fi kú ní 1915. Ṣé ẹ rí i, kíkà ló mú un dé odò, odò ló sì jẹ́ kó mọ èyí tó bá ilẹ̀ ibẹ̀ mu nínú ohun tó kà.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀

Ẹni tó bá ti fi ìwọ̀ pẹja rí nílé, ní Ẹ̀pẹ́ tàbí létí odò Ògùn, mọ̀ pé òjé tàbí ìjẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀ ló wúwo, òun ló ń fa okùn lọ téèyàn bá jù ú. Fly ò wúwo rárá. Ìwọ̀ tín-ín-rín kan ni, wọ́n fi òwú àti ìyẹ́ wé e kó lè jọ kòkòrò, tẹ́ ẹ bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ lè má mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Okùn ló wúwo níbí, ó nípọn, ó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé tàbí yẹ́lò, ìwúwo okùn yẹn lẹ ó máa fi ọ̀pá jù sẹ́yìn, jù síwájú, fly á wá tẹ̀ lé e lọ. Láàárín okùn yẹn àti fly, wọ́n máa ń so okùn tín-ín-rín kan tó mọ́ gaara, leader, bíi ẹsẹ̀ bàtà 9, kí ẹja má bàa rí i.

Ẹja tí a ń wá ni trout. Brook trout ló ni ilẹ̀. Brown trout, ẹyin ẹ̀ ni wọ́n kó wá láti Jámánì sí New York ní 1883, rainbow trout sì wá láti apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Brown trout ló ṣòro jù láti tàn nínú wọn, òun náà sì lẹ ó bá pàdé jù nínú Beaverkill.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá mágásíìnì, ẹ sì mọ bẹ́ ẹ ṣe máa kà á

Fly Fisherman ti wà láti 1969, òun ni mo máa ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Trout ni ti ẹgbẹ́ Trout Unlimited, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Michigan ní 1959 láti máa tọ́jú odò tí trout ń gbé, tẹ́ ẹ bá ti san owó ẹgbẹ́ wọ́n á máa fi ránṣẹ́ sí yín. New York State Conservationist náà wà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó àti omi ní New York, DEC, ló ń tẹ̀ ẹ́, ẹja nìkan kọ́ ló máa ń wà nínú ẹ̀ o, ẹyẹ, igi, ẹranko, gbogbo ẹ̀ ni, ìyẹn sì wúlò torí ẹni tó mọ igbó á mọ odò. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ mú káàdì láíbrárì yín, ẹ dáńlóòdù app Libby sórí fóònù, ẹ wo mágásíìnì tí láíbrárì yín ní níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ láíbrárì tún máa ń ta àwọn tó ti pẹ́ ní pọ́ọ́kú. Ẹ má sá fún èyí tó ti pẹ́. Trout tí wọ́n kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1985 àti ti ọdún yìí, ibì kan náà ni wọ́n ń dúró sí nínú omi, kòkòrò kan náà ni wọ́n ń jẹ, ìpolówó ọjà nìkan ló ti di àtijọ́.

Ẹ má kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Ìpolówó pọ̀ nínú ẹ̀, fọ́tò Patagonia, Alaska àti New Zealand náà pọ̀, wọ́n rẹwà, ẹ wò wọ́n kínú yín dùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní kọ́ yín ní Beaverkill. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá ni àpilẹ̀kọ nípa odò apá ìlà oòrùn, àpilẹ̀kọ nípa kòkòrò àti oṣù tó ń jáde, àti èyí tó ya àwòrán omi tó sì tọ́ka sí ibi tí ẹja máa ń dúró sí. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹyọ kan tó dáa, ó ti tó. Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ kọ oṣù tó sọ, kòkòrò tó sọ, irú omi tó sọ àti aago tó sọ sílẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ pé ọ̀pá tó yẹ kẹ́ ẹ rà ló ń sọ láti òkè délẹ̀, ẹ ṣí i kọjá.

Ẹ jẹ́ ká mú kòkòrò kan tẹ̀ lé títí dé òpin ọ̀rọ̀ yìí, kó lè yé wa. Mayfly kan wà tí wọ́n ń pè ní Hendrickson. Orúkọ fly ni wọ́n fi ń pe kòkòrò náà, Roy Steenrod tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Liberty, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé fly lọ́dọ̀ Gordon, ló wé e ní 1916, ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń pẹja sọ ọ́. Kòkòrò yìí máa ń lo bí ọdún kan lábẹ́ omi, abẹ́ òkúta ló ń gbé, wọ́n ń pè é ní nymph nígbà yẹn. Tó bá wá di ìparí April sí ìbẹ̀rẹ̀ May, tí omi ti ń gbóná dé bíi 50 sí 55 lórí tẹmómítà Fahrenheit, á gbéra nísàlẹ̀, á léfòó, awọ ẹ̀yìn ẹ̀ á là, ìyẹ́ á jáde, á wá jókòó sórí omi díẹ̀ kí ìyẹ́ yẹn gbẹ kó tó fò. Aago méjì ọ̀sán síwájú díẹ̀ ló sábà máa ń ṣe é. Ìgbà tó jókòó yẹn ni trout ń dúró dè. Tó bá ti fò dé igi, ó tún máa bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ àti abo á gun ara wọn lófurufú, wọ́n á yé ẹyin sómi, wọ́n á kú sórí ẹ̀, trout á tún jẹ ìyẹn náà. Jíjáde tí kòkòrò ń jáde lójú omi yẹn ni àwọn apẹja ń pè ní hatch.

Àwọn mayfly míì náà wà: Quill Gordon máa ń ṣáájú Hendrickson nínú April, March Brown ń tẹ̀ lé e nínú May, Green Drake tó tóbi ń jáde nírọ̀lẹ́ nígbà tí May bá ń parí lọ tí June ń wọlé. Ẹ ó rí gbogbo wọn nínú mágásíìnì. Hendrickson ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ wo odò, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ nílé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fo ibí yìí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fò ó. Ẹ kọ́kọ́ lọ bí ẹni tó lọ gbafẹ́. Ẹ kó ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ sínú mọ́tò, ẹ gba Port Jervis, ẹ bọ́ sórí Route 97, ọ̀nà yẹn ń bá odò Delaware lọ títí dé Hancock. Ìjọba àpapọ̀ ti dá apá ibẹ̀ sí láti 1978, Upper Delaware Scenic and Recreational River ni wọ́n ń pè é, ó gùn ní máìlì 73.4. Níbi tí wọ́n ń pè ní Hawk's Nest, ọ̀nà náà gun orí àpáta, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ, odò wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ wá ibi ìgúnlẹ̀ sí, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wo omi yẹn fún ìgbà díẹ̀. Láti òkè lẹ ti máa rí i pé odò ò lọ bákan náà, ó ń ho funfun níbi tó ti fẹ̀ tí kò jìn, ó ń dúdú wá níbi tó ti di ibú, ó tún ń ho lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ. Àwòrán tẹ́ ẹ rí nínú mágásíìnì nìyẹn o, òun náà ló nà sílẹ̀ níwájú yín un. Nígbà òtútù idì olórí funfun máa ń pọ̀ níbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì rèé, wọ́n ń yá èèyàn ní ọkọ̀ canoe àti ráàftì, ẹ wọ life jacket kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, kódà ẹni tó mọ omi wẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó nínú ọkọ̀ tí omi gbé e gba ibi tó ń ho bọ́ sínú ibú, ara ẹ̀ á mọ ohun tí ìṣàn omi jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá lọ sí Roscoe. Ẹ dúró níbi tí Willowemoc ti ń wọnú Beaverkill, Junction Pool ni wọ́n ń pè é, àwọn ará ibẹ̀ máa ń pa á nítàn pé trout olórí méjì kan ń gbé inú ibú yẹn, kò mọ odò tí òun ì bá gbà lọ nínú méjèèjì. Ní Livingston Manor tí kò jìnnà síbẹ̀, Catskill Fly Fishing Center and Museum wà létí Willowemoc, ẹ wọlé, ẹ wo fly tí àwọn àgbà wé pẹ̀lú ọwọ́ wọn, torí fọ́tò inú mágásíìnì máa ń mú wọn tóbi ju bí wọ́n ṣe rí lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní àkókò, ẹ gòkè lọ sí afárá onígi tó ní òrùlé lórí Beaverkill, wọ́n ti kọ́ ọ láti 1865.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe gan-an ní ọjọ́ yẹn rèé. Ẹ wá ibi tí omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ibi tó ń sáré díẹ̀ lórí òkúta, ẹ tẹ̀ ba, ẹ gbé òkúta kan tó tó àwo oúnjẹ, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀. Ẹ má sáré wò ó. Ó kọ́kọ́ máa dà bíi pé kò sí nǹkan kan, ìdọ̀tí tó rọ̀ àti omi tó ń kán, lẹ́yìn náà ìdọ̀tí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀kan á wà níbẹ̀ tó pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ lórí, ó lẹ̀ mọ́ òkúta débi pé tẹ́ ẹ bá fi èékánná tì í kò ní ṣí, ìyẹn mayfly tó ń gbé inú omi eré ni. Ọ̀kan á ní ìrù méjì tó nà, èékánná méjì-méjì lẹ́nu ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á máa rìn bí ẹni tó ń bínú, stonefly nìyẹn. Ẹ ó rí ìdì kékeré kan tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ mọ, bíi ilé, tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ orí kékeré kan á yọ jáde látinú ẹ̀, caddis ni. Tó bá sì jẹ́ April lẹ lọ, ẹ wá èyí tó ní ìrù mẹ́ta, tí ara ẹ̀ pupa bí kọfí, tó kún lára ju àwọn yòókù lọ, tí ibi tí ìyẹ́ ẹ̀ máa ti jáde lẹ́yìn ti ń dúdú wú. Hendrickson yín nìyẹn, ó ti fẹ́ jáde. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ dá òkúta padà bẹ́ ẹ ṣe bá a, ẹ rọra o, ilé wọn ni.

Ẹ mú awò ojú polarized lọ, irú èyí tó ń pa dídán orí omi, ẹ ó lè fi rí ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti kúrò nínú koríko, ẹ yẹ ara yín wò fínnífínní fún eégbọn, torí eégbọn àgbọ̀nrín pọ̀ ní Catskills, àwọn ló ń kó àrùn Lyme ranni. Ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, inú irun àwọn ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́ jíjù lórí koríko

Ọ̀pá tí mo máa ní kí gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà ni èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9, tí wọ́n kọ 5 sí lára, 5-weight, pẹ̀lú okùn tí òun náà jẹ́ 5. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti di ọ̀pá, ẹ̀rọ okùn àti okùn pọ̀ sójú kan, kò pọn dandan kó wọ́n. Ẹ gbé e lọ sí páàkì tàbí pápá bọ́ọ̀lù kan tí èèyàn ò sí níbẹ̀, ẹ so òwú pupa kékeré kan sí ẹnu leader dípò fly, kó má lọ gún ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ fa okùn bíi ẹsẹ̀ bàtà 25 jáde, ẹ nà á sílẹ̀ tààrà níwájú yín. Ẹ di ọ̀pá mú, àtàǹpàkò lókè. Ẹ gbé e sókè, kó máa yára sí i bó ṣe ń lọ, kó wá dúró gbọ̀n-ín nígbà tó bá ti kọjá etí yín díẹ̀. Ẹ dúró! Ìdúró yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Okùn ṣì ń lọ sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ nà tán kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀pá síwájú, tẹ́ ẹ bá kánjú ẹ ó gbọ́ ariwo bí ẹgba, ká ní fly wà níbẹ̀ ni, ó ti já nìyẹn. Ẹ yí ọrùn wo ẹ̀yìn, ẹ fi ojú ara yín rí i nígbà tó nà, kí ẹ tó gbé e síwájú, ẹ tún jẹ́ kí ọ̀pá dúró gbọ̀n-ín níwájú, okùn á yí bí òrùka á sì tú jáde. Ọrùn ọwọ́ ló máa ń da èèyàn láàmú jù, ó máa ń fẹ́ tẹ̀ sẹ́yìn, tí ọ̀pá á fi lọ lulẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ẹ ki ìdí ọ̀pá bọ ẹnu apá ẹ̀wù yẹn, ọrùn ọwọ́ ò ní lè tẹ̀ mọ́. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ dáa ju odindi ọjọ́ kan lọ.

Agbára kọ́ ló ń gbé okùn lọ o. Joan Wulff, obìnrin tí wọ́n bí ní New Jersey, ló gba ipò kìíní nínú ìdíje jíjù jìnnà ti gbogbo Amẹ́ríkà ní 1951, ọkùnrin ni gbogbo àwọn tó bá a díje, ní 1960 ó ju fly dé ẹsẹ̀ bàtà 161. Òun àti ọkọ ẹ̀, Lee Wulff, ló wá dá ilé ẹ̀kọ́ fly fishing sílẹ̀ létí Beaverkill ní 1979, ó sì fi ọdún púpọ̀ kọ nípa jíjù nínú mágásíìnì. Tẹ́ ẹ bá rí àpilẹ̀kọ ẹ̀ nínú àwọn mágásíìnì àtijọ́, ẹ gbé e dání lọ sí páàkì, ẹ kà á láàárín ìsinmi. Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n ti ń sọ fún pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, ẹ gbọ́ ti èmi, iṣẹ́ ẹni tó bá ní sùúrù ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: láìsẹ́ńsì, òfin, ẹrù

Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní láìsẹ́ńsì, ẹ lè rà á lórí wẹ́bùsáìtì DEC, $25 ni fún ẹni tó ń gbé New York, ọdún kan gbáko láti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á ló máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ará New Jersey àti Pennsylvania, tiyín wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo wà. Wíkẹ́ńdì tó gbẹ̀yìn June, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn. Ẹ mú láìsẹ́ńsì dání nígbà gbogbo.

Láti April 1 sí October 15, ẹ lè mú trout lọ sílé níwọ̀n tí òfin sọ, lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè pẹja ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Àwọn apá kan Beaverkill àti Willowemoc sì wà tó jẹ́ pé dídá padà ni láti January dé December, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lo ìjẹ gidi níbẹ̀. Ẹ ka bọ́ọ̀dù tó wà níbi ìgúnlẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ló yí odò náà ká, ṣùgbọ́n ìjọba ti ra ẹ̀tọ́ fún gbogbo wa láti rìn létí ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, bíi ẹsẹ̀ bàtà 33 láti bèbè, bọ́ọ̀dù yẹ́lò kékeré lẹ ó fi dá a mọ̀. Ibi tí kò bá ti sí bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ní ti ẹrù, ṣòkòtò rọ́bà tó ga dé àyà, bẹ́líìtì ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fún dáadáa kí omi má bàa kún inú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣubú, bàtà tí kì í yọ̀, igi ìtìlẹ̀, àwọ̀n kékeré, tẹmómítà, sísọ́ọ̀sì kékeré. Fly: Hendrickson tí ìwọ̀ ẹ̀ jẹ́ nọ́ḿbà 14, díẹ̀ tó ń léfòó, díẹ̀ tó jẹ́ nymph. Ẹ rà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù fly tó wà ní Roscoe gan-an, ẹ bi wọ́n pé kí ló ń jáde lọ́sẹ̀ yìí, inú wọn máa ń dùn láti sọ fúnni, wọ́n sì mọ̀ ju mágásíìnì èyíkéyìí lọ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ fọ bàtà àti ṣòkòtò yín, kẹ́ ẹ sá wọn gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ odò míì, torí ewédò kan tó ń jẹ́ didymo ti wọ odò Delaware, ẹsẹ̀ àwa apẹja ló lè gbé e kiri.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: inú omi

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ní àárọ̀, ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì, ìjọba àpapọ̀ ní òṣùwọ̀n omi ní Cooks Falls lórí Beaverkill, ó ń sọ bí omi ṣe pọ̀ tó ní cfs, ìyẹn iye ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ti ju 500 lọ, èmi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti wọ̀ ọ́, kó dúró sí bèbè.

Ẹ dé bẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá, ẹ jókòó. Ẹ ti tẹmómítà bọ omi. Ẹ wá ibi tí omi eré àti omi jẹ́jẹ́ ti fara kanra, ó sábà máa ń ní ìlà tí ìfóófòó ń gbà kọjá, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà, trout á dúró nínú omi jẹ́jẹ́ kó má bàa rẹ̀ ẹ́, á máa na ẹnu sínú omi eré mú ohun tó bá ń kọjá. Iwájú òkúta ńlá náà dáa, ẹ̀yìn ẹ̀ náà dáa, níbi tí ibú ti ń parí tí omi tún ti ń fà tín-ín-rín náà dáa. Tẹ́ ẹ bá rí òbìrìkìtì kékeré lójú omi lójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹja ló ń jẹun níbẹ̀.

Ẹ wọlé látìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wà lẹ́yìn ẹja, torí òkè odò ló máa ń kọjú sí. Ẹ má kọjá orúnkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ju fly sí òkè ibi tó wà bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí omi gbé e bọ̀. Tí okùn bá ti ń fà á tó ń ya ìlà lójú omi bí ọkọ̀, trout ò ní jẹ ẹ́, torí kòkòrò gidi kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀pá gbé okùn sọ sí apá òkè odò, ìyẹn á fún fly láyè láti máa lọ fúnra ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i. Tó bá jẹ ẹ́, ẹ kàn gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́, ẹ má já a bí ẹni tó ń fa catfish.

Ẹ ti fi páláyà tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́yìn ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, á rọrùn láti yọ. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹja náà, torí ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó omi yíyọ̀ ara ẹ̀, àìsàn á sì rí ọ̀nà wọlé. Inú omi ni kẹ́ ẹ ti tú u. Ẹ di ìdí ìrù ẹ̀ mú jẹ́jẹ́, kó kọjú sí òkè odò, títí tó fi fi agbára ẹ̀ lọ. Nígbà ooru, tí omi bá ti dé 68, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́, afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi ti dín kù, ẹja tẹ́ ẹ dá padà máa kú lẹ́yìn yín ni. Ẹ lọ sí apá West Branch Delaware nígbà yẹn, abẹ́ dáàmù Cannonsville ni omi ẹ̀ ti ń jáde, ó tutù. Àwọn gáìdì máa ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn gba ibẹ̀ láti Hancock, owó ọjọ́ kan lè ju $500 lọ, ẹni méjì ló sábà máa ń pín in, tẹ́ ẹ bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe é, ẹ kó ìbéèrè yín dání.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ padà sídìí mágásíìnì

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì, ẹ tún ṣí àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ ó rí i pé gbólóhùn tẹ́ ẹ ti kà kọjá tẹ́lẹ̀ ti ní ìtumọ̀, "omi tó gbóná díẹ̀", "ìyẹ́ tó ń dúdú", "ìlà ìfóófòó", ẹ ti fojú rí gbogbo ẹ̀. Ẹ kọ tiyín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: ọjọ́, aago, ìwọ̀n òtútù omi, kòkòrò tẹ́ ẹ rí, ibi tí ẹja ti jẹun. Tí àpilẹ̀kọ bá sọ aago méjì, tẹ́ ẹ̀yin sì rí i ní aago mẹ́rin torí òjò rọ̀, tiyín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ fún odò yẹn, ẹ sì wá ìdí ẹ̀ nínú àwọn mágásíìnì yòókù.

Nígbà òtútù, ẹ lọ sí ìpàdé Trout Unlimited tó bá sún mọ́ yín, wọ́n sábà máa ń kọ́ni ní wíwé fly nígbà yẹn, Hendrickson sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dáa láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, àwọn tí ò tíì pé ọdún 16 ò nílò láìsẹ́ńsì, ọwọ́ wọn kékeré sì yá ju tàgbà lọ nídìí òwú tín-ín-rín. Ẹ wé bíi méjìlá tó ń léfòó àti méjìlá tó jẹ́ nymph kí April tó dé, torí igi etí Beaverkill máa já púpọ̀ nínú wọn gbà.